Fáànù ẹrù tọ́ọ̀nù 12 ní 4 mm: kí la máa ṣe kí ó lè bá ọdún 1957 mu gẹ́lẹ́?

Àkànní_Cardiff

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíìtì fáànù ẹrù mẹ́ta (ọkọ̀ ẹrù onílé ti rélùwéè, tí a ń tò ní kékeré) ló wà nílẹ̀, 4 mm sí ẹsẹ̀ bàtà kan ni gbogbo wọn, orí irin OO (ojú irin 16.5 mm) ni wọ́n á sì máa rìn. Àkọ́kọ́ ni fáànù tọ́ọ̀nù 12 ti British Railways (BR), ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ pákó, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin tó ní ìgbì bíi páànù òrùlé. Èkejì jẹ́ ti LMS, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó wà ṣáájú BR, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ń fà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti GWR, ilé-iṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn méjì tó ń ṣí síta.

Àgbàlá ẹrù kékeré kan ní gúúsù Wales ni wọ́n máa dúró sí, ọdún 1957, lábẹ́ Western Region, ẹ̀ka BR ti ìwọ̀ oòrùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́fà (ohun tó ń gba ìkọlù láàárín ọkọ̀ méjì) kan náà àti bíréèkì kan náà ni àwọn kíìtì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń kó wá, ìwé lẹ́tà àlẹ̀mọ́ wọn sì da ọdún pọ̀. Kí ló yẹ kí n yí padà, èwo ló sì yẹ kó ṣáájú?

Baba_Swindon

Àkànní, o kú iṣẹ́. Ohun tó yẹ kó ṣáájú lo ti ṣe: o ti mú ọdún kan. Bọ́fà, bíréèkì, kẹ̀kẹ́, ọ̀dà, lẹ́tà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kò pé 1957 ni àwọn wà. Fáànù tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ti 1965, tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ti 1930, kò sí ọjọ́ kan tí irú rẹ̀ rìn lórí irin, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó.

Kí o tó mú ọ̀bẹ, dáhùn ìbéèrè kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ní bíréèkì fákúùmù (èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti orí ẹ́ńjìnnì) ni, àbí bíréèkì ọwọ́ nìkan? Ìdáhùn yẹn ló ń pinnu ìdajì iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti gba rélùwéè ní January 1, 1948, British Railways ń kun èyí tó ní fákúùmù ní bauxite, àwọ̀ pupa tó sún mọ́ ti ilẹ̀ amọ̀. Èyí tí kò ní, eérú tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń kùn ún. Èyí tó ní fákúùmù máa ní páìpù níwájú àti lẹ́yìn, sìlíńdà lábẹ́ ilẹ̀ fáànù, irin pẹlẹbẹ tó so ìsàlẹ̀ W-iron (irin tó di ìpẹ̀kun ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mú) méjèèjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bọ́fà gígùn, àti ìkọ́ onískúrù tàbí Instanter (ìkọ́ tó ṣeé mú gùn tàbí kúrú). Èyí tí kò ní kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí: bọ́fà kúkúrú, ṣéènì oníhò mẹ́ta, ó parí.

Ètò ìsọdọ̀tun 1955 sọ pé gbogbo ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n máa fún ní bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ láti orí ẹ́ńjìnnì, àmọ́ iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ní 1957, àwọn méjèèjì ṣì ń rìn pọ̀. Nítorí náà, fi fákúùmù sí ti BR. Nínú ti LMS àti ti GWR, mú ọ̀kan tó ní àti ọ̀kan tí kò ní. Ìyẹn á jẹ́ kí àgbàlá rẹ ní eérú àti pupa pọ̀, bó ṣe rí gan-an nígbà náà.

Ohun kan tún wà. Má ṣe rò pé nítorí pé Wales ni, ti GWR ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Àwọn ọkọ̀ ẹrù ti di àjọlò tipẹ́, ibikíbi ni wọ́n ti lè rí iṣẹ́. LMS àti LNER (ilé-iṣẹ́ àtijọ́ mìíràn) ló ní ọkọ̀ jù ṣáájú 1948, nítorí náà ti LMS kan, ti LNER kan sí ti GWR kan kò burú rárá.

Àdùnní_Pákó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dà àti lẹ́tà kún un, torí ibẹ̀ ni ojú olùwòran ti ń kọ́kọ́ mọ̀.

Láti 1936 ni LMS ti ń kun gbogbo ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ ní bauxite, ì báà ní fákúùmù, ì báà má ní. Ìdí nìyẹn tí fáànù LMS tí kò ní fákúùmù fi lè jẹ́ pupa tó ti ṣá tí wọn kò bá tíì tún un kùn. Tí wọ́n bá ti tún un kùn lábẹ́ BR, eérú ni. GWR ní tiwọn, eérú dúdú ni wọ́n ń kun gbogbo ọkọ̀ ẹrù wọn, títí kan èyí tó ní fákúùmù. Lẹ́tà GW wọn ga tó íǹṣì 25 láti 1904, ó wálẹ̀ sí íǹṣì 16 ní nǹkan bí 1920, nígbà tó di 1936, íǹṣì 5 péré ló kù, ní igun ìsàlẹ̀. Fún 1957, lẹ́tà ńlá ti kúrò nílẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó hàn pé ti GWR ni tẹ́lẹ̀, ẹ fi W ṣáájú nọ́ńbà, ó tó. M ni ti LMS, E ti LNER, S ti Southern, ilé-iṣẹ́ kẹrin. Èyí tí BR fúnra wọn kàn ń jẹ́ B, àwọn fáànù tọ́ọ̀nù 12 sì wà ní B750000 sókè.

Nọ́ńbà àti 12T wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ìwúwo ọkọ̀ òfìfo wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tọ́ọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, lẹ́yìn náà hundredweight (20 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan), àmì dáàṣì wà láàárín wọn. XP wà lára èyí tí wọ́n gbà láàyè láti bá ọkọ̀ èrò tó ń sáré rìn. Láti 1938 ni àmì yẹn ti wọlé, wọ́n sì ń kọ WB 10-0 tẹ̀ lé e láti fi hàn pé ẹsẹ̀ bàtà 10 ló wà láàárín kẹ̀kẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ má lẹ XP mọ́ fáànù eérú o. Èyí tí kò ní fákúùmù kò lè ní in.

Àkànní_Cardiff

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí Àdùnní. Ìwé lẹ́tà tó wà nínú kíìtì BR ní àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ìlà funfun yí ká, nínú àpótí. Ṣé mo lè lò wọ́n?

Àdùnní_Pákó

Rárá, ẹ tọ́jú wọn. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni àpótí wọ̀nyẹn wọlé. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta bíi VVV, ti TOPS, ètò kọ̀ǹpútà tí BR fi ń tọ́pa ọkọ̀, ni, láti 1973 síwájú. Fún 1957, lẹ́tà funfun lásán lórí ọ̀dà. Ẹ lè gé nọ́ńbà jáde láti inú àpótí náà pẹ̀lú bíléèdì tuntun, àmọ́ ìrísí lẹ́tà méjèèjì kò jọra, ó sì máa hàn. Ó sàn kí ẹ ra ìwé ti ọdún 1948 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960.

Tí ẹ bá lo Pressfix ti HMRS, irú lẹ́tà àlẹ̀mọ́ tí a ń tẹ̀ mọ́ra, ẹ gbé lẹ́tà lé ibi tó yẹ, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ fi omi kan ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó ká a kúrò, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́. Ti Methfix ń jẹ́ kí ẹ sún lẹ́tà díẹ̀díẹ̀ kí ó tó mú, ó sì tẹ́ dáadáa sórí pákó tó ní ìlà, ṣùgbọ́n methylated spirit ni wọ́n fi ń ṣe é, methylated spirit sì ń yọ́ ọ̀dà acrylic. Nínú àwọn tó ń sọ pé lẹ́tà ba fáànù wọn jẹ́, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ibí yìí gan-an ni. Tó bá jẹ́ acrylic lẹ fi kùn ún, ẹ lo Pressfix tàbí ti omi, tàbí kí ẹ fi enamel kun fáànù náà.

Kí lẹ́tà tó lẹ̀, fáníìṣì tó ń dán ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí ọ̀dà tí kò dán, afẹ́fẹ́ máa há sábẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ á funfun. Tí lẹ́tà bá ti gbẹ, ẹ wá fi fáníìṣì tí kò dán bo gbogbo rẹ̀.

Tádé_EM

Ẹ kú ìjíròrò. Ti ìsàlẹ̀ ni tèmi, torí ibẹ̀ ni àwọn kíìtì ti ń gba ọ̀nà àbùjá.

Ẹ fi rúlà wọn ṣásí kí ẹ tó lẹ ohunkóhun. Ṣásí ẹsẹ̀ bàtà 17 àti íǹṣì 6 jẹ́ 70 mm. Kẹ̀kẹ́ sí kẹ̀kẹ́: ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ 40 mm, ẹsẹ̀ bàtà 9 jẹ́ 36 mm. Àwọn fáànù àtijọ́ tí wọn kò kọ́ fún eré púpọ̀, 9 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Tí fáànù GWR yín bá jẹ́ ti 9, tí kíìtì sì fún yín ní 40 mm, ẹ wá ṣásí mìíràn, torí kò sí ọ̀dà tó lè bo 4 mm mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 1 àtààbọ̀, ìyẹn 12.5 mm. Èyí tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti àárín sí etí ló bá ti GWR àti LMS àtijọ́ mu, èyí tó jẹ́ àwo irin oníhò mẹ́ta ló bá ti BR mu.

Wàyí o, bíréèkì ọwọ́. Tí ẹ bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ fáànù, ọ̀pá bíréèkì gbọ́dọ̀ nasẹ̀ lọ sápá ọ̀tún yín. Ẹ yí i padà, ọ̀tún náà ni ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pá irin kan ló gba abẹ́ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Tí òṣìṣẹ́ bá tẹ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó ń yí irin náà síhà tó tọ́. Tó bá tẹ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, òdìkejì ló máa yí i sí, bíréèkì á sì máa tú dípò kó mú. Nǹkan roboto kékeré tí wọ́n ń pè ní Morton ló ń yí ìṣípòpadà náà síbi tó yẹ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà. Kíìtì máa ń fún wa ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó jọra bí ìbejì. Ẹ gé Morton kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ so ọ̀pá náà mọ́ irin ìdábùú tààrà.

GWR ní bíréèkì tiwọn tí wọ́n ń pè ní Dean-Churchward, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó tẹ̀, ẹ̀bá ìpẹ̀kun ṣásí ló wà. Ọ̀pọ̀ fáànù GWR ló gbé e dé ọdún 1957. Kí ẹ tó fi ọ̀pá gígùn sí tiyín, ẹ wo fọ́tò fáànù tí nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ ti yín.

Fáànù BR tó ní fákúùmù: ọ̀pọ̀ wọn ní ṣúù bíréèkì 8, méjì fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n há kẹ̀kẹ́ sáàárín. Àwọn kan ní 4. Fọ́tò ló máa parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣúù gbọ́dọ̀ kọjú sí etí kẹ̀kẹ́ gan-an, kó má sì fara kàn án: àlàfo 0.3 mm tó. Tí ẹ bá kúrò ní OO lọ sí EM tàbí P4, àwọn ojú irin 4 mm tó fẹ̀ jù ú lọ, ní EM kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sún síta 0.85 mm, ní P4 sì nǹkan bí 1.2 mm. Ṣúù inú kíìtì á wá dúró sínú, kò ní kọjú sí ohunkóhun. Ẹ gé e, kí ẹ fi pátákó ike 0.75 mm tàbí 1 mm gbé e síta.

Olúwọlé_Leeds

Tádé ti sọ ọ́ re. Èmi fẹ́ fi ti páìpù fákúùmù àti bọ́fà kún un.

Fún páìpù náà, wáyà idẹ 0.7 mm ni ẹ máa fi ṣe irin rẹ̀, kí ẹ gbé e láti abẹ́ irin orí ṣásí. Fún rọ́bà rẹ̀ tó ní ìgànnà, okùn gìtá tí wọ́n fi wáyà wé ló dára jù, ìrísí rẹ̀ bá a mu dáadáa. Àmọ́ ẹ kíyè sára: irin líle ló wà nínú okùn náà, ó ń fọ́ ẹnu pílásì gígé tó dára. Ẹ fi àtijọ́ tàbí díìsìkì gígé gé e, kí ẹ sì wọ awò ìdáàbòbò, torí èérún rẹ̀ ń fò.

Irin pẹlẹbẹ tó so W-iron pọ̀: ẹ má lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ti kẹ̀kẹ́ wọlé. W-iron ike gbọ́dọ̀ là díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó lè wọ ihò rẹ̀. Tí irin náà bá ti wà níbẹ̀, W-iron á ṣẹ́ ní gbòǹgbò. Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, ẹ rí i pé ó ń yí fẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ẹ fi wáyà 0.45 mm sí i.

Bọ́fà: láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 àtààbọ̀, ìyẹn 22.8 mm. Gíga rẹ̀ láti orí irin jẹ́ 13.8 mm. Èyí tó gùn yọ síta 6.8 mm, èyí tó kúrú 6 mm. Àlàfo 0.8 mm yẹn dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí fáànù méjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á rí i. Tí ẹ bá ń gé bọ́fà ike kúrò láti fi ti irin sí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àárín rẹ̀ kọ́kọ́, ẹ fi díríìlì 0.5 mm ọlọ́wọ́ lu ihò atọ́nà, kí ẹ tó máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Díríìlì ńlá tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń gbá ike mú, á sì yà kúrò ní àárín. Bọ́fà Oleo (èyí tó ń lo epo nínú) tí orí rẹ̀ tóbi, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọdún 1960 síwájú.

Irin ìdìmú tó wà lára ara fáànù: íǹṣì 1 jẹ́ 0.33 mm. Wáyà 0.3 mm, díríìlì 0.35 mm. Ẹ fá èyí tí ike gbé jáde kúrò pẹ̀lú bíléèdì tó tẹ́, kí ẹ má bàa fá ìlà pákó pọ̀ mọ́ ọn.

Àkànní_Cardiff

Ẹ̀gbọ́n Olúwọlé, ẹ ṣé. Ara fáànù ńkọ́? Mo rí fọ́tò kíìtì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ sínú lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Olúwọlé_Leeds

Gáàsì gúlù ló ń ṣe é. Tí ẹ bá fi ilẹ̀ àti òrùlé dí fáànù pa, gáàsì á há sínú, á máa rọ ike díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́lẹ́ á sì sún sínú. Ẹ lu ihò 3 mm méjì sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tì í. Ẹ fi ìdábùú ike 1 mm méjì há ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ èkejì nínú, nítòsí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fi gúlù díẹ̀ sí i. Gúlù tó pọ̀ ni ọ̀tá.

Ìwúwo: nǹkan bí gíráàmù 25 fún ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 50 fún fáànù kan. Tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fo irin níbi tí irin ti pínyà. Òjé dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ má fi gúlù funfun ti pákó, PVA, lẹ èérún òjé mọ́ inú fáànù. Ásíìdì tó ń jáde nínú gúlù náà ń jẹ òjé, òjé á yí padà sí ìyẹ̀fun funfun tó ń wú, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á ti ẹ̀gbẹ́ fáànù já. Òjé pẹlẹbẹ pẹ̀lú epoxy ni kí ẹ lò, tàbí nọ́ọ̀tì irin lásán.

Òrùlé: etí òrùlé kíìtì nípọn tó 1 mm, ìyẹn íǹṣì 3 ní ti gidi, èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fi fáìlì gé etí abẹ́ rẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀ títí ohun tó kù tó hàn á fi dà bí 0.5 mm. Kánfáàsì ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ òrùlé onípákó. Ẹ bó ìwé tíṣù sí ìpele kan ṣoṣo, ẹ kun òrùlé ní enamel eérú, ẹ tẹ́ tíṣù náà sínú ọ̀dà tútù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ láti àárín síta, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ sábẹ́. Tó bá gbẹ, ẹ tún fi ọ̀dà kan bò ó.

Káyọ̀dé_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ìbéèrè kékeré: tí èèyàn bá fẹ́ ṣe fáànù ti rélùwéè Nàìjíríà àtijọ́, irú èyí tó ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láti 1901, ṣé a lè lo ṣásí inú kíìtì wọ̀nyí?

Tádé_EM

Káyọ̀dé, rárá o. Ojú irin Nàìjíríà àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, ti Bìrìtìkó sì jẹ́ 4 àti 8 àtààbọ̀. Ní 4 mm, 14 mm ni ojú irin yín máa jẹ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ ṣe é ní 3.5 mm sí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì lo irin 12 mm, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri. Ó sún mọ́ ọn gan-an. Ara fáànù ni ẹ máa fi pátákó ike gé fúnra yín láti inú àwòrán ìwọ̀n. Ìlànà òrùlé, ìwúwo àti wáyà tí Olúwọlé sọ, kò yàtọ̀.

Àdùnní_Pákó

Kí n tó gbàgbé, Àkànní: nípa mímú wọn gbó. Fáànù 1957 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ mú pákó kan tàbí méjì lára ti GWR, kí ẹ kùn wọ́n ní àwọ̀ igi tí oòrùn ti pa, bí èyí tí wọ́n pààrọ̀ tí wọn kò kùn. Bauxite tuntun ṣókùnkùn, èyí tó ti pẹ́ máa ń pọ́n lọ sí àwọ̀ osùn tó ti ṣá. Ẹ fi ọ̀dà eérú díẹ̀ pò ó, kí ẹ má lo funfun, torí funfun máa sọ ọ́ di píǹkì. Ìdọ̀tí abẹ́ yàtọ̀ sí ti òkè: èérún irin bíréèkì ló ń mú ṣásí di àwọ̀ ìpẹtà, èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń dú òrùlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ àgbàlá ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tí ẹrù ń lọ sára pákó. Ẹ fi pẹ́ńsù funfun tó mú ṣónṣó kọ ọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn fáníìṣì tí kò dán, torí pẹ́ńsù kì í mú lórí èyí tó ń dán. Ìwé tí wọ́n máa ń há mọ́ irin kékeré tó ń di ìwé mú lápá òsì ṣásí, ẹ gé bébà 1.5 mm sí 2 mm, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ ìpara tó ti dọ̀tí.

Àkànní_Cardiff

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìkọ́ ńkọ́, Baba? Instanter àbí onískúrù fún ti BR?

Baba_Swindon

Méjèèjì wà, ṣùgbọ́n fún fáànù ẹrù lásán, Instanter ni mo máa kọ́kọ́ mú. GWR ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdè àárín rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta: tí wọ́n bá dá a dúró lọ́nà kan, ìkọ́ gùn, tí wọ́n bá yí i, ó kúrú, bọ́fà á fara kan bọ́fà, èyí tí ọkọ̀ oní-fákúùmù nílò. Fi í sí ipò kúkúrú nínú ọkọ̀ tó ń rìn, ipò gígùn fún èyí tó dúró ní àgbàlá. Fún ti LMS tàbí ti GWR tí o bá fi sílẹ̀ láìní fákúùmù, ṣéènì oníhò mẹ́ta tó rọ̀ wálẹ̀ tààrà. Ihò irin ìkọ́ nínú kíìtì sábà máa ń kéré. Fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀ ẹ́ kí o tó lẹ irin orí ṣásí mọ́ ara, torí lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ kò ní dé ibẹ̀ mọ́.